Olùgbà Tó Lè Fara Da Ooru

Gadumo, Lọ́kọ́jà.

Bọ́sẹ̀dé Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Òkun o. Bí wọ́n ṣe ń kí ni nílé wa ní Yàgbà ni mo fi kí ọ, kí ohùn ilé lè kọ́kọ́ dé etí rẹ kí ojú rẹ tó ka ohun tí mo fẹ́ sọ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí n má ṣe jẹ́ kó gùn jù, pé ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ kò ráyè ka ìwé tó gùn bí ìwàásù. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kọ sí ọ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí o gbà lókè òkun yìí, mi ò ní kọ òmíràn, nítorí náà yóò gùn.

O lè béèrè pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́ lórí fóònù. Ṣebí mo pè ọ́ lọ́jọ́ Àìkú. Bí mo ṣe fẹ́ dé ibi ọ̀rọ̀ báyìí, o ní, “Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Màmá, mo ti mọ ohun tí màá ṣe.” Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn ẹni tí kò tíì mọ ohun tó máa ṣe ni. Mo wá ní kí n jókòó kí n kọ ọ́ sílẹ̀, torí ènìyàn kò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ìwé lẹ́nu. Màá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù, kí o kà á tán kí o tó fèsì.

Àkọ́kọ́, jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ rẹ ṣe yé mi, kí o má baà rò pé ìyá rẹ kàn ń dá sí ohun tí kò mọ̀.

Sólà tí gbogbo ayé mọ̀, èyí tó wà lórí ilé ìjọsìn wa àti lórí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta fóònù, gíláàsì àti sílíkọ́ọ̀nù ni, ó wúwo, ó sì le gbagidi. Tìrẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tìrẹ dà bí ọ̀dà tí wọ́n kùn sára rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ènìyàn lè ká a bí ẹni. Nínú ọ̀dà yẹn, nǹkan méjì ni ẹ pò mọ́ra wọn. Ọ̀kan ń fúnni, èkejì ń gbà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn á kọlu èyí tó ń fúnni, á mi ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ jìgìjìgì. Ṣùgbọ́n ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà kì í lè dá lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí o kọ́kọ́ ṣàlàyé ibi yìí fún mi, mo ní ó dà bí ọmọ tí wọ́n mú lọ sílé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó di ìró ìyá rẹ̀ mú ṣinṣin. Bí tíṣà tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò bá na ọwọ́ sí i tìfẹ́tìfẹ́, ọmọ náà á padà sẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni. Àárọ̀ ọjọ́ náà ti ṣòfò nìyẹn. O pàtẹ́wọ́, o ní, “Olùgbà gan-an nìyẹn, Màmá! Tíṣà yẹn ni iṣẹ́ mi.”

O sọ fún mi pé nígbà kan, bọ́ọ̀lù kábọ́ọ̀nù kéékèèké ni gbogbo àwọn ọ̀gá yín ń lò bí olùgbà. Ó ń gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mu ìmọ́lẹ̀, bí Ọlọ́run sì ṣe dá a náà ló wà, ẹ kò lè tún un ṣe púpọ̀. Àwọn olùgbà tuntun tó wá dé lẹ́yìn ìyẹn pẹlẹbẹ, wọ́n ní apá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ lè tún apá wọn gé bí aránṣọ ṣe ń gé ọwọ́ bùbá, àwọn náà a sì máa mu ìmọ́lẹ̀ tí ẹnì kejì wọn kò lè mu. Ìdí nìyẹn tí agbára tí ẹ ń rí lára oòrùn fi pọ̀ sí i. Olùgbà tí ìwọ ṣe, apá rẹ̀ lo tún gé, kí ó lè yòrò nínú omi kẹ́míkà tí májèlé rẹ̀ kò pọ̀. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò ka físíìsì, ṣùgbọ́n mo bí ẹni tó kà á.

Ìgbà tí o wá sílé kí o tó rìnrìn àjò yìí, o kó àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ, sólà kéékèèké tí o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe, wá nínú páálí tí wọ́n ń kó awò ojú sí. Wọn ò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. O ní níbi tí o ti kàwé, inú yàrá tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ atẹ́gùn tútù lẹ ti ń wọ̀n wọ́n, pé o fẹ́ mọ ohun tí ooru Lọ́kọ́jà máa fi ojú wọn rí. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ó bá jẹ́ ooru lo ń wá, o ti délé. O to gbogbo wọn sórí tábìlì ní fàráńdà ẹ̀yìn, o so wáyà mọ́ wọn, o ń wo mítà kékeré rẹ tó ń sọ iye agbára tí wọ́n ń rí lára oòrùn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ayọ̀ rẹ ò ṣeé pa mọ́ra. O pè mí jáde láti ilé ìdáná. “Màmá, ẹ wò ó! Kò tíì sí èyí tó tó báyìí rí nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe.” Mo bá ọ jó níbẹ̀, àfi bí ẹni pé mo mọ ìtumọ̀ nọ́ńbà náà.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ijó ti tán. Mo jáde sí fàráńdà, mo bá ọ lórí àpótí, o gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nọ́ńbà náà ń wálẹ̀ lójoojúmọ́. O ní ooru ló ń tú àwọn méjèèjì ká, pé olùgbà rẹ ń sá kúrò lára ẹnì kejì rẹ̀, ó ń lọ dì pọ̀ mọ́ ara rẹ̀, bí ọbẹ̀ tó sẹ́ tí epo lọ lápá kan tí omi lọ lápá kejì. Mo kí ọ pẹ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni Dókítà tó ń darí ìwádìí rẹ ti pè. O tẹ fóònù sí gbangba, torí náà gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbọ́.

Ó ní, “Bọ́sẹ̀dé, nọ́ńbà ọjọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Ṣé irọ́ ni?”

O ní, “Rárá o, sà. Òótọ́ ni.”

“Ó dáa. Èyí tó jẹ́ òótọ́ ni kí o fi han àwọn tó fún ọ níṣẹ́. Irú rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n gbà ọ́. Ta ló rán ọ lọ sá nǹkan sínú ooru Lọ́kọ́jà? Ta ló béèrè?”

Nígbà tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, o yíjú sí mi. “Màmá, irọ́ ha ni bí mi ò bá sọ ohun tí wọn ò béèrè?” Mo ní kí o wá jẹun. Kì í ṣe pé mi ò ní ìdáhùn. Ìdáhùn náà gùn, ọkọ̀ Àbújá sì ń dúró dè ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Òun ni mo fẹ́ fún ọ báyìí.

O mọ̀ pé mo ti ṣiṣẹ́ ní Agbaja rí, lórí òkè pẹrẹsẹ yẹn, kí n tó bí ọ. O ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, torí mi ò fẹ́ràn àtimáa rò ó.

Ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni wọ́n gbé mi sí, yàrá díẹ̀ péré, òrùlé páànù, igi òrùlé tí ikán ti ń jẹ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Fíríìjì oníkẹrosíìnì la fi ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé. Nígbà tó yá, wọ́n kó ìyẹn lọ, wọ́n gbé sólà àti fíríìjì tirẹ̀ wá fún wa. Inú gbogbo abúlé dùn. Ọ̀nà yẹn burú, àwọn kan lára gíláàsì náà ti fọ́ kí ọkọ̀ tó gun òkè dé. Àwọn ọkùnrin gbé èyí tó kù sórí òrùlé tagbáratagbára. Ẹnikẹ́ni ò gòkè àjà lọ wo igi tó máa gbé e, àti èmi àti àwọn tó gbé e wá.

Sólà náà ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, fíríìjì wa sì tutù dáadáa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò àkọ́rọ̀ dé pẹ̀lú ìjì. Mo ń tọ́jú aboyún kan, Rèkíà lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni, ó sì ní ọmọ mìíràn tó ń fà lọ́wọ́. Mo gbọ́ kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lókè. Mo gbé ọmọ náà, mo fa ìyá rẹ̀, a sáré bọ́ síta sínú òjò. Gbogbo òrùlé náà wó wálẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì orí rẹ̀ síbi tí Rèkíà dùbúlẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. A dúró nínú òjò. Kò sí ẹni tó fara pa. Rèkíà ń wí pé, “Alihamdulilahi, alihamdulilahi,” èmi ń pe Jésù.

Ṣùgbọ́n fíríìjì ti kú. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ ò lè gòkè, ọ̀kadà ò lè sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ọ̀nà yóò fi gbẹ, àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára náà ti gbóná. Mo fọwọ́ kan àwọn ìgò wọn. Wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọjọ́ tí ọ̀nà gbẹ náà ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ bọ́ sí. Àwọn ìyá ti ti oko wọn dé láàárọ̀, wọ́n pọn ọmọ, wọ́n tò sábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké agbègbè wa náà gun ọ̀kadà dé, torí ó ní láti ròyìn fún àwọn tó ju òun lọ pé a ti fún àwọn ọmọ Agbaja lábẹ́rẹ́. Mo mú un wọ ẹ̀yìn ilé, mo sọ fún un.

Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ta ló máa mọ̀? Omi inú ìgò ni. Kò yí àwọ̀ padà. Fún wọn, kí wọ́n máa lọ.”

Mo ní, “Ọmọ tí èéyi bá mú á mọ̀, sà.”

Ó ní mo ń fi ọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ ara mi jẹ́. Mo padà sábẹ́ máńgòrò, mo sọ fún àwọn ìyá pé oògùn ti bàjẹ́, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa lọ, màá ránṣẹ́ pè wọ́n. Ojú tì mí. Wọ́n pariwo lé mi lórí. Rèkíà, ẹni tí mo fà jáde lábẹ́ òrùlé, òun gan-an ló le jù. Ó fi Ọ̀wọ́rọ̀ bú mi, ó ní ẹsẹ̀ òun ti wú, pé ṣé mo rò pé ọmọ ẹranko ni òun pọ̀n wá. Kò sí ọ̀kan tó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Mo rí i lójú ara mi lọ́jọ́ yẹn.

Mo gbé kúlà, mo gun ọ̀kadà sọ̀ kalẹ̀ wá sí Lọ́kọ́jà, mo gba abẹ́rẹ́ tuntun, mo to yìnyín yí i ká, mo padà gòkè. Mo ń lọ láti ilé dé ilé, láti oko dé oko, mo ń bẹ̀ wọ́n. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Rèkíà ò kí mi, ṣùgbọ́n ó na apá ọmọ rẹ̀ sí mi. Mo fún un.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, èéyi jà lórí òkè yẹn. Mi ò fẹ́ sọ bó ṣe rí ní àwọn abúlé kan. Lọ́dọ̀ wa, ó mú ọmọ díẹ̀, pàápàá lára àwọn tí ìyá wọn ti ilẹ̀kùn. Rèkíà gbé ọmọ rẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó bọ́ aṣọ lára ọmọ náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn kí n rí i. Ara ọmọ náà ń dán. Ó wọ aṣọ fún un, ó gbé e pọ̀n, ó lọ.

Má sì rò pé mo wá di ẹni iyì níbi iṣẹ́. Ọ̀gá yẹn kọ̀wé pé aláìgbọràn ni mí. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n gbé ga ṣíwájú mi, mo ń kí wọn ní “mà” àti “sà” fún ìgbà pípẹ́. Ó dùn mí. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n mi ò tíì pàdé ọmọ Agbaja kan lọ́jà kí n sì wá ibi sá sí.

Àbẹ̀kẹ́, wá gbọ́ ìmọ̀ràn mi.

Ohun kìíní. Nọ́ńbà ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe irọ́. Abẹ́rẹ́ yẹn náà kì í ṣe irọ́ lọ́jọ́ tó kúrò ní Lọ́kọ́jà. Ooru ló sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá mọ̀ pé ooru ti bà á jẹ́, tó sì ń sọ nípa ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan, ó ti mọ ohun tó ń ṣe. O bi mí bóyá irọ́ ni bí o kò bá sọ ohun tí wọn ò béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Irọ́ ni.

Ìkejì, má bínú sí Dókítà rẹ. Òun ló kọ́ ọ níṣẹ́, ó sì ń bẹ̀rù fún ọ ni. Máa kí i, máa kúnlẹ̀ fún un, má sì gba ìmọ̀ràn rẹ̀ lórí èyí. Ènìyàn lè bọ̀wọ̀ fún àgbà kó má sì tẹ̀lé e wọ kòtò.

Ìkẹta, ọ̀rọ̀ nípa gbígbà. Gbogbo wa la máa ń yin ẹni tó ń fúnni, a ní ọwọ́ tó ń fúnni ló máa ń wà lókè. Iṣẹ́ rẹ ló kọ́ mi pé bí ẹni tó ń gbà kò bá mọ̀ ọ́n gbà, ẹ̀bùn á ṣòfò. Wọ́n máa bá ọ wí níbẹ̀ yẹn. Wọ́n lè sọ pé olùgbà rẹ kò dára tó. Gbà á. Béèrè pé, “Kí ni kí n ṣe sí i?” O gbọ́n ju ọ̀pọ̀ wa lọ, ṣùgbọ́n láti kékeré ni ara rẹ ti máa ń ta bí wọ́n bá sọ pé o ṣì í. Ẹni tó ń ṣe olùgbà, kí òun náà kọ́ bí a ṣe ń gbà.

Má sì fi bọ́ọ̀lù kábọ́ọ̀nù àwọn ọ̀gá yín ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, bí o ṣe máa ń ṣe. Òun ló gba ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tó máa gbà á. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọdé á fi tìrẹ náà rẹ́rìn-ín.

Máa wọ ìbọ̀wọ́. Mi ò bìkítà bóyá májèlé rẹ̀ kò pọ̀. Jẹun kí o tó wọ láàbù. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ọyẹ́ Lọ́kọ́jà tó ń lọ bí oòrùn bá ti là. Wọ aṣọ tó nípọn sábẹ́ aṣọ. Wá ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń kọrin, má dá jókòó sínú yàrá lọ́jọ́ Àìkú.

Èyí tó kù, òun ló ká mi lára jù. Ọ̀pọ̀ òrùlé ló ṣì wà bíi ti Agbaja yẹn, tí kò lè gbé gíláàsì. Mo rò ó ní fàráńdà lọ́jọ́ yẹn bí mo ṣe gbé ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ sí àtẹ́lẹwọ́ tí mi ò mọ̀ ọ́n lára. Mo ní bí irú èyí bá ti wà nígbà náà, ká tẹ́ ẹ sórí páànù bí aṣọ, ìjì lásán ni ìjì yẹn ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n tí o bá fi nọ́ńbà ọjọ́ àkọ́kọ́ tan àwọn ènìyàn, tí wọ́n sì gbé e lọ sí irú ibẹ̀, ooru á pa á láàárín ọ̀sẹ̀ kan, fíríìjì á kú, nọ́ọ̀sì kan tí o kò mọ̀ á wá dúró sábẹ́ igi pẹ̀lú ìgò tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò ní sí òrùlé tó wó tí wọ́n máa rí. Wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ìwọ ni.

Nítorí náà, nígbà tí o bá dúró níwájú àwọn tó fún ọ níṣẹ́ láti ṣàlàyé olùgbà rẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èyí tó ń wálẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ fi hàn wọ́n, kí o tó fi èyí tó ga hàn. Sọ pé, “Èyí ni ohun tí ooru ìlú mi ṣe fún un, ìdí tí mo sì fi wá síbí nìyí.” Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ nítorí èyí, jẹ́ kí wọ́n gbà á. Kì í ṣe ìtìjú ni o máa gbé wálé. Èmi àti bàbá rẹ á wá pàdé rẹ ní pápákọ̀ òfuurufú, a ó sì jẹun lọ́nà. Bí wọn ò bá sì gbà á, ó ti di dandan fún ọ nìyẹn kí o wá olùgbà tí ooru kò ní tú. Má wálé wá sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe. Ẹ ti tún apá rẹ̀ gé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tún un gé.

Kí Olúwa tó dá oòrùn fún ọ ní sùúrù tó tó oòrùn. Kí ojú má tì ọ́ níbi tí òtítọ́ bá gbé ọ dúró sí. Ìyá rẹ ni mí. Mi ò bí ọ láti máa sọ ohun tí wọ́n bá béèrè nìkan.